Imí Ọjọ́ láti Ẹnu Òkè Ayọnáyèéfín

Ẹni tí ó bá wọ Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, tí ó yà sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta egbò, èèpo igi àti ewé gbígbẹ, yóò rí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè kan tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kéékèèké, tí wọ́n tò ti káún àti álọ́ọ̀mù. Àwọn lékùlẹ́jà Oǹdó náà ń tà á. Imí ọjọ́ nìyẹn. Àwọn tí ń po ọṣẹ dúdú fún ara yíyún ń rà á, àwọn tí làpálàpá tàbí kúrúnà ń dà láàmú ń rà á. Àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ tí ń fúnra wọn po ẹ̀tù ìbọn ṣakabùlà kò lè ṣe é láìsí i, nítorí ohun mẹ́ta ní ń di ẹ̀tù: èédú, imí ọjọ́, àti irú iyọ̀ kan tí ń mú kí iná ràn kíákíá.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ń wa imí ọjọ́ ní Àkúrẹ́. Kò sí ní Oǹdó, kò sí ní Ìdànrè, kò sí ní ibì kankan nílẹ̀ Yorùbá. Ọjà òkèèrè ni. Nínú àwọn ilẹ̀ tí ayé ti ń rà á láti ìgbà pípẹ́, Jàpáànù wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí ilẹ̀ ṣe ń bí imí ọjọ́, kí ó sì gbóòórùn rẹ̀. Orí yìí dá lé àwọn òkè Jàpáànù wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ilé ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí ó bá mọ ìdí tí Àkúrẹ́ kò fi ní imí ọjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìdí tí Jàpáànù fi ní in.

Òkúta tí kò mí síta

Òkúta kan pọ̀ ní Àkúrẹ́ tí ó dúdú, tí ó sì máa ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ọ. Charnockite ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é. Orúkọ náà ti ara Job Charnock wá, òyìnbó oníṣòwò tí wọ́n sin sí Kolkata nílẹ̀ Íńdíà; irú òkúta yìí ni wọ́n fi ṣe òkúta ibojì rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà pín òkúta náà sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, Àkúrẹ́ ni wọ́n sì máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ọ̀wọ́ tí hóró rẹ̀ tóbi. Ti Ìdànrè yàtọ̀. Granite ni òkè tí àwọn àlejò ń gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 kí wọ́n tó dé ìlú àtijọ́ tí ó wà lórí rẹ̀.

Iná ni ó bí méjèèjì. Wọ́n ti jẹ́ òkúta yíyọ́ rí, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ilẹ̀ ńlá ayé ń forí gbárí tí Áfíríkà sì ń di odidi kan. Ṣùgbọ́n òkúta yíyọ́ náà kò jáde sójú ayé. Ọ̀pọ̀ kìlómítà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni ó dúró sí, ibẹ̀ ni ó ti ń tutù díẹ̀díẹ̀ fún àìmọye ọdún, ohun tí ó sì jẹ́ kí hóró inú rẹ̀ ráyè tóbi nìyẹn. Òjò, oòrùn àti odò ni wọ́n wá hó ilẹ̀ tí ó bò ó mọ́lẹ̀ kúrò títí ó fi yọrí sí gbangba. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Òkè Ìdànrè jẹ́ òkè ayọnáyèéfín kan tí ó ti kú, ẹ má gbà. Òkè náà kò la ẹnu rí. Ìsàlẹ̀ ni ó ti dì, ó sì ti dì tán kí oòrùn tó rí i.

Imí ọjọ́ inú rẹ̀ ńkọ́? Èyí tí ó wà níbẹ̀ so mọ́ irin, ó di hóró tíntìntín aláwọ̀ wúrà tí a ń pè ní pyrite, ó fọ́n káàkiri inú òkúta. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè kó o jọ kí ó tó tà lọ́jà. Kí imí ọjọ́ tó pọ̀ sójú kan, àfi kí òkúta yíyọ́ súnmọ́ òkè ilẹ̀, kí ó rí ihò mí síta.

Ẹnìkan lè sọ pé omi gbígbóná wà ní Ìkógòsì, ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí ó jẹ́ ara ìpínlẹ̀ Oǹdó títí di ọdún 1996. Òótọ́ ni. Omi náà gbóná tó ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì ń ṣàn lọ pàdé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó tutù. Ṣùgbọ́n omi òjò tí ó gba inú lílà òkúta wọlẹ̀ lọ ni, tí ó dé ibi tí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ti gbóná, tí ó sì tún gòkè padà. Kò sí òkúta yíyọ́ lábẹ́ rẹ̀. Omi náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń rọ ọ́ sínú ìgò tà fún mímu. Ẹ má gbìyànjú èyí pẹ̀lú omi gbígbóná Tamagawa ní Jàpáànù: ásíìdì inú rẹ̀ le tó láti jẹ irin.

Ibi tí a tẹ̀dó sí lórí ilẹ̀ ayé ni ó fa ìyàtọ̀ yìí. Awẹ́ awẹ́ ni èèpo ilẹ̀ ayé, àwọn awẹ́ náà sì ń rìn. Níbi tí etí wọn ti ń fara kanra ni iná abẹ́ ilẹ̀ ti ń yọ jù. Àárín awẹ́ Áfíríkà ni Nàìjíríà wà, ó jìnnà sí etí. Òótọ́ ni pé àwọn òkè iná kéékèèké tí ó ti sùn wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ orí òkè Biu ní ìpínlẹ̀ Borno, Òkè Kamẹrúùnù tí ó ga ju 4,000 mítà lọ sì bú gbàmù ní 1999 àti ní 2000. Ṣùgbọ́n láti Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ojú ọ̀nà jìn débẹ̀.

Bí ilẹ̀ ṣe ń bí imí ọjọ́

Ní ìlà-oòrùn Jàpáànù, awẹ́ ilẹ̀ tí ó gbé Òkun Pàsífíìkì ń rì wọ abẹ́ àwọn erékùṣù náà, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà bíi mẹ́jọ lọ́dún. Omi òkun, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun àti imí ọjọ́ tí ó wà nínú iyọ̀ òkun ń bá a wọlẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá dé nǹkan bí 100 kìlómítà nísàlẹ̀, ooru á lé omi náà jáde sínú òkúta gbígbóná tí ó wà lókè rẹ̀, òkúta tí omi bá sì wọ̀ báyìí kì í pẹ́ yọ́ bí èyí tí ó gbẹ. Òkúta yíyọ́ tí ó ti inú èyí wá ní omi àti imí ọjọ́ púpọ̀ nínú. Bí ó ṣe ń gòkè, ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ìgò ẹlẹ́rìndòdò nígbà tí a bá ṣí ìdérí rẹ̀ ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí i: agbára tí ó fún un mọ́lẹ̀ dín kù, gáàsì tí ó ti pòórá sínú rẹ̀ sì hó jáde.

Ooru omi ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń jáde. Gáàsì méjì nínú ìyókù ni ti imí ọjọ́. Èkínní ni sulphur dioxide, tí ó máa ń ta ni nímú bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá ìṣáná. Èkejì ni hydrogen sulphide, tí ó ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Bí méjèèjì bá pàdé níbi ihò tí èéfín ń gbà jáde, wọ́n á bára wọn jà, wọ́n á di omi àti imí ọjọ́. Imí ọjọ́ yìí á lẹ̀ mọ́ etí ihò, hóró rẹ̀ á rí tẹ́ẹ́rẹ́, á máa dán, á sì máa kọ́ ara rẹ̀ jọ títí yóò fi di òkìtì. Bí iná bá kàn án, á yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 115. Bí ooru bá kọjá 160, ìṣesí rẹ̀ á yà yín lẹ́nu, nítorí dípò kí ó túbọ̀ ṣàn, ńṣe ni yóò ki, tí yóò sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí ó bá gbiná, iná aláwọ̀ aró ni yóò máa jó.

Àjọ tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní Jàpáànù ka òkè ayọnáyèéfín 111 sí èyí tí kò tíì kú. Ju ọ̀kan lọ nínú wọn ni orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Iōzan, ìyẹn òkè imí ọjọ́.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù wà ní ilẹ̀ gígùn Shiretoko, ní ìpẹ̀kun erékùṣù Hokkaido. Òkè náà ga tó 1,562 mítà. Ní ibi púpọ̀ láyé, bí òkè ayọnáyèéfín bá bú, òkúta yíyọ́ ni ó ń dà jáde. Ní 1936, imí ọjọ́ yíyọ́ ni òkè yìí ń dà. Ó ń bú jáde lóòrèkóòrè fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ń ṣàn gba àfonífojì lọ sísàlẹ̀, ó sì ń dì bí ó ṣe ń tutù. Wọ́n ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí 200,000 tọ́ọ̀nù. Ìdí rẹ̀ ni pé imí ọjọ́ ti kó ara rẹ̀ jọ sínú òkè náà fún ọdún gbọọrọ, ooru tuntun wá láti ìsàlẹ̀, ó yọ́ ọ, omi gbígbóná sì tì í jáde. Kò sí ibòmíràn tí àwọn onímọ̀ ti rí irú rẹ̀ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Odò tí ń ti ara òkè náà ṣàn wálẹ̀ gbóná, ó sì kan.

Ní gúúsù Jàpáànù ni Satsuma Iōjima wà, erékùṣù kékeré kan tí òkè rẹ̀ ń rú èéfín tọ̀sán tòru. Òkun tí ó yí i ká ti yí àwọ̀ padà, nítorí omi onírin tí ń sun láti abẹ́ rẹ̀. Erékùṣù yìí jẹ́ etí ihò ràbàtà kan tí ó wà nínú òkun, tí ó bú ní nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn, tí eérú rẹ̀ bo apá ńlá lára Jàpáànù. Ní 1177, wọ́n lé àlùfáà Búdà kan tí ń jẹ́ Shunkan kúrò ní olú-ìlú nítorí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ sí erékùṣù kan tí òkè rẹ̀ ń jó. Àwọn ará Satsuma Iōjima gbà pé ọ̀dọ̀ wọn ni ó kú sí. Ìṣòwò imí ọjọ́ sì ti ń lọ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Nígbà náà, àwọn ará Ṣáínà ti mọ bí a ṣe ń po ẹ̀tù, ṣùgbọ́n ìjọba Song kò ní imí ọjọ́ tó nílẹ̀ tirẹ̀. Ní 1084, wọ́n pàṣẹ kí àwọn oníṣòwò ra nǹkan bí 300 tọ́ọ̀nù wá láti Jàpáànù fún ogun. Ẹ̀tù tí àwọn ọdẹ wa ń kì sínú ìbọn ti rin ìrìn àjò tí ó gùn ju bí ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ lọ, imí ọjọ́ àwọn òkè wọ̀nyí sì bá a rìn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Erékùṣù mìíràn tún wà tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí ogun kejì àgbáyé: Iōtō, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà pè ní Iwo Jima nígbà tí wọ́n jà á gbà ní 1945. Erékùṣù imí ọjọ́ ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ ń gòkè lọ́dọọdún nítorí ohun tí ń wú lábẹ́ rẹ̀, ní 2023 sì ni ìbúgbàmù kan bí erékùṣù kékeré tuntun sí etíkun rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gbé ẹsẹ̀ òkè, ìgbésí ayé ń lọ bó ṣe yẹ. Ní Owakudani ní Hakone, wọ́n ń se ẹyin nínú omi gbígbóná tí ó ti inú ilẹ̀ jáde. Irin inú omi náà so mọ́ imí ọjọ́, ó sì sọ èèpo ẹyin di dúdú kirikiri. Inú rẹ̀ kò yí padà. Wọ́n ní ẹni tí ó bá jẹ ọ̀kan ti fi ọdún méje kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní 2015, òkè náà bú díẹ̀, ìjọba sì ti ojú ọ̀nà ibẹ̀ pa títí ara ilẹ̀ fi balẹ̀.

Gáàsì tí ń pa imú kí ó tó pa ènìyàn

Ní àwọn ọdún 1880, wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ wa imí ọjọ́ ní òkè Atosanupuri ní Hokkaido. Gáàsì náà ba ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́, àwọn kan sì kú. Ohun tí ó fa ikú irú wọn yẹ kí gbogbo ilé tí ó ní kànga tàbí ṣalańgá ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó mọ̀.

Hydrogen sulphide wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀. Ibi tí kòtò bá wà, ibẹ̀ ni ó ń dúró sí. Imú ènìyàn lè gbóòórùn rẹ̀ bí kò bá tilẹ̀ tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan ìdá afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá tó 100 nínú mílíọ̀nù, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni imú á kú, ènìyàn á sì rò pé òórùn náà ti lọ. Bí ó bá kọjá 500, ènìyàn lè ṣubú lójijì. Bí ó bá tó 1,000, èémí kan tàbí méjì ti tó. Ní 1971, ó pa àwọn tí ń yọ̀ lórí yìnyín mẹ́fà ní òkè Kusatsu-Shirane. Ní 1997, ó pa àwọn agùnkè mẹ́rin ní òkè Adatara, nínú ihò òkè náà, ní ọjọ́ tí kùrukùru bò wọ́n mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ṣìnà. Ní Kejìlá 2005, ní abúlé Doroyu ní Akita, ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin kan kú nínú ihò tí ooru abẹ́ ilẹ̀ ti gbẹ́ sínú yìnyín; àwọn ọmọ ni ó kọ́kọ́ kó sí i, àwọn yòókù sì wọlé láti yọ wọ́n.

Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé. Kò sí òkè ayọnáyèéfín ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n gáàsì yìí kan náà wà ní àdúgbò wa. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń ṣe é nínú ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí tí afẹ́fẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: nínú ṣalańgá, nínú sọ́kàwéè, nínú kànga tí wọ́n ti dé pa fún ìgbà pípẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ á sọ̀kalẹ̀, á ṣubú. Arákùnrin rẹ̀ tí ó dúró létí kòtò á rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó yọ̀, á bọ́ sínú rẹ̀ láti gbé e. Òun náà á ṣubú. Ẹnìkẹta á tún tẹ̀ lé e. Àwọn aládùúgbò á wá máa wá ẹni tí ó fi nǹkan sínú kòtò náà, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ó pa wọ́n kò ní ọwọ́, kò ní ẹsẹ̀, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sọ̀kalẹ̀ tẹ̀ lé ẹni tí ó bá ṣubú sínú kòtò. Ẹni tí yóò bá wọ kànga tàbí sọ́kàwéè gbọ́dọ̀ ti so okùn mọ́ àyà kí ó tó wọlé, kí àwọn tí ó wà lókè lè fà á jáde láìbá a wọ inú rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀ pẹ́ títí, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ tuntun wọ inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹsẹ̀ kàn án. Fìtílà tí wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti fi wò ó kò tó: yóò kú bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, ṣùgbọ́n kò ní sọ ohunkóhun fún yín nípa gáàsì yìí, gáàsì náà sì lè gbiná. Ẹ má sì gbé ẹ̀rọ onípẹtiróòlù sọ̀ sínú kànga láti fa omi. Èéfín tirẹ̀ jẹ́ apànìyàn mìíràn.

Kì í ṣe gbogbo gáàsì òkè ayọnáyèéfín ni ti imí ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni òórùn nìkan kò tó láti fi dá ẹjọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 Oṣù Kẹjọ 1986, gáàsì bú jáde láti inú adágún Nyos ní Kamẹrúùnù, ó pa nǹkan bí 1,700 ènìyàn àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún màlúù. Àwọn kan lára àwọn tí ó yè sọ pé òórùn ẹyin bíbàjẹ́ tàbí ti ẹ̀tù ìbọn ni àwọn gbọ́. Ìwádìí fi hàn pé carbon dioxide ni, tí kì í rùn, ṣùgbọ́n tí ó lè da imú àti ọpọlọ rú bí ó bá pọ̀ jù. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jàpáànù wà lára àwọn tí wọ́n ti ń wá sí etí adágún náà láti ìgbà náà láti yẹ omi rẹ̀ wò, ní 2001 sì ni wọ́n ri páìpù àkọ́kọ́ bọ inú rẹ̀ fún títú gáàsì náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìyẹ̀fun imí ọjọ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe apànìyàn. Àwọn dókítà ti ń fi í wo kúrúnà tí kòkòrò wíwọ awọ ń fà láti ìgbà pípẹ́: wọ́n á pò ó mọ́ ìpara ní ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á sì fi pa gbogbo ara láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ fún alẹ́ mélòó kan léraléra. Ó ń rùn, ó sì ń ba aṣọ jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́, kódà fún aboyún àti ọmọ ọwọ́ tí àwọn oògùn mìíràn kò tọ́ sí. Èyí tí ó le jù nínú rẹ̀ ni pé ìwọ̀n rẹ̀ nínú ọ̀rá ọjà kò dá ẹnikẹ́ni lójú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí apòògùn wọ̀n ọ́n fún yín. Ẹ má gbé e mì. Ẹ má sì sun ún nínú yàrá tí ènìyàn wà.

Ìlú tí ó ṣófo ní Matsuo

Ní àgbègbè Iwate, ní àríwá Jàpáànù, ibi ìwakùsà kan wà tí ń jẹ́ Matsuo. Ní 1914 ni ilé iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wa imí ọjọ́ níbẹ̀, ó sì di èyí tí ó tóbi jù ní Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Lórí òkè tí yìnyín ń bò fún oṣù púpọ̀ lọ́dún, wọ́n kọ́ ilé alájà sí i fún àwọn òṣìṣẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń gbé ibẹ̀. Àwọn ará Jàpáànù ń pè é ní párádísè orí ìkúùkù. Imí ọjọ́ ibẹ̀ ń di ásíìdì, ásíìdì ń di ajílẹ̀ àti aṣọ àti ohun púpọ̀ mìíràn. Ó ń di oògùn oko náà: ásíìdì imí ọjọ́ àti bàbà ni wọ́n ń fi ṣe òkúta aláwọ̀ aró tí àwọn àgbẹ̀ ń pò mọ́ ẹfun tí wọ́n ń fín sára kòkó ní Oǹdó àti Ìdànrè, kí èso má baà dúdú kí ó rà lásìkò òjò.

Ní 1969, ilé iṣẹ́ Matsuo wó, kò sì pẹ́ tí wíwa ilẹ̀ fi dópin pátápátá. Àwọn ilé alájà náà ṣì dúró síbẹ̀, fèrèsé wọn ti fọ́. Omi tí ń ti inú ihò ìwakùsà náà jáde kan gan-an, ó sì sọ odò Kitakami di pupa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ìjọba ti kọ́ ilé ẹ̀rọ kan tí ń pa ásíìdì omi náà lọ́sàn-án àti lóru, kò sì tíì sí ọjọ́ tí wọ́n lè pa á.

Imí ọjọ́ kò tán ní Matsuo. Ibòmíràn ni ìṣòro náà ti wá. Ní ìlú Yokkaichi, èéfín àwọn ilé iṣẹ́ tí ń fọ epo rọ̀bì kún fún sulphur dioxide, nítorí epo tí wọ́n ń jó ní imí ọjọ́ nínú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni ikọ́ fée ti ń bá àwọn ará ìlú náà jà, ọmọdé àti àgbà. Ní 1967, mẹ́sàn-án nínú àwọn aláìsàn náà gbé àwọn ilé iṣẹ́ lọ sí kóòtù. Ní 24 Oṣù Keje 1972, adájọ́ dá wọn láre. Kí ẹjọ́ náà tó parí, ìjọba ti ṣe òfin lórí afẹ́fẹ́ ní 1968, àwọn ilé ìfọpo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ imí ọjọ́ kúrò nínú epo. Èyí tí wọ́n yọ wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó sì pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀, tí kò sí ẹni tí ó tún fẹ́ ra èyí tí wọ́n gbẹ́ láti inú òkè. Láàárín ọdún díẹ̀, gbogbo ibi ìwakùsà imí ọjọ́ ní Jàpáànù kógbá sílé. Lónìí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú imí ọjọ́ tí wọ́n ń tà láyé, ilé ìfọpo àti ilé ìfọgáàsì ni ó ti wá, kì í ṣe òkè.

Sulphur dioxide kan náà ni ó lé gbogbo ará erékùṣù Miyakejima kúrò nílé. Òkè wọn bú ní 2000, gáàsì náà sì ń jáde ní ẹgbẹẹgbàárùn-ún tọ́ọ̀nù lójúmọ́. Nǹkan bí 3,800 ènìyàn ni wọ́n kó lọ sí Tokyo ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Oṣù Kejì 2005 ni wọ́n tó gbà wọ́n láyè láti padà, kálukú pẹ̀lú ìbòmú gáàsì tirẹ̀. Ní òkè Aso, wọ́n máa ń ti ojú ihò pa bí gáàsì bá pọ̀, wọ́n sì máa ń kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá ní ikọ́ fée pé kí ó má súnmọ́ ọn rárá. Ìdí ni pé gáàsì yìí máa ń di ásíìdì nígbà tí ó bá kan omi ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà èémí á sì fún pọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè wúkọ́ kí ó tẹ̀síwájú. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée lè má tẹ̀síwájú.

Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ akẹ́rù ni òkè Aso tiwa. Ní 2016, nígbà tí Yúróòpù kò gba ju ìdá mẹ́wàá imí ọjọ́ lọ nínú mílíọ̀nù kan ìdá dísẹ́ẹ̀lì, òfin Nàìjíríà ṣì gba 3,000. Ẹgbẹ́ kan láti Switzerland tí ń jẹ́ Public Eye gbé ìwádìí jáde lọ́dún náà pé àwọn oníṣòwò ń dìídì po epo tí imí ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí òfin wa gbà á. Ní Oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Nàìjíríà, Benin, Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire pàdé ní Àbújá, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ìwọ̀n náà sọ̀kalẹ̀ sí 50. Ní 2020, ECOWAS sọ ọ́ di ìlànà fún gbogbo agbègbè. Ilé ìfọpo Dangote ní Lekki bẹ̀rẹ̀ sí í fọ dísẹ́ẹ̀lì ní Oṣù Kìíní 2024, ó sì ní ẹ̀rọ tí ń fa imí ọjọ́ jáde kúrò nínú epo.

Ohun tí ó kù ni kí ẹni tí ó ní àṣẹ máa wọn epo náà ní ẹnu táǹkì, nílé epo tí ó wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń wọ̀n ọ́n ní èbúté Èkó, kí ó sì lẹ ìwọ̀n tí ó rí mọ́ ara ẹ̀rọ tí a fi ń ta epo, níbi tí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní ikọ́ fée ti lè kà á.